Bí Mo Ṣe Pe Bàbá Ọkọ Mi Lórúkọ Nínú Àwo

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí inú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: èmi kì í ṣe aláfojúdi. Gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́ kiri láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí pé èmi ni ìyàwó ilé tó pe bàbá ọkọ ẹ̀ lórúkọ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, òótọ́ ni, mo pè é. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ló wà níbẹ̀? Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo jókòó ti dùrù tí òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná, tó bá yá kẹ́ ẹ wá máa dá mi lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́. Ìyá mi ń yan gàrí ní Ìgànná, gàrí yẹn náà ló fi ra máṣíìnì fún mi, ó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Mo kọ́ ọ. Kò sí ohun tí mi ò lè rán. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, àwọn ìjọ kan sì ti gbé dùrù wọn àtijọ́ fún un pé kó fi igi ẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Dùrù elẹ́sẹ̀ ni, èyí tó jẹ́ pé téèyàn bá ń tẹ pákó méjì nísàlẹ̀, atẹ́gùn á wọnú ẹ̀, òkè á wá máa dún. Lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de ọ̀gá mi, mo jókòó sí i. Mo tẹ ẹsẹ̀. Ó mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó mí bí èèyàn tó sùn lọ tí wọ́n jí.

Ẹsẹ̀ mi ti mọ iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Àbí kí ni máṣíìnì? Ẹsẹ̀ kan náà ni. Ọwọ́ ló kù. Mi ò ní tíṣà kankan, mo kàn ń wá ibi tí ohùn mi wà láàárín eyín dùrù yẹn, funfun, dúdú, títí mo fi rí i. Eyín mẹ́rin ò dún rárá. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò wọ́n, bí awakọ̀ ṣe ń yẹ kòtò lójú ọ̀nà Ìgànná. Àáfà ilé kéwú wa gbọ́, ó pè mí, ó ní ṣé mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní rárá o, èmi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, dùrù ló jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí mo ṣe gba dùrù náà nìyí: mo fi máṣíìnì mi ṣe pàṣípààrọ̀. Ìyàwó káfíńtà gba máṣíìnì, èmi gba dùrù. Mo da aṣọ bò ó. Títí di ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ìyá mi rò pé máṣíìnì ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á ní, "Máṣíìnì yìí mà sanra o."

Lọ́dọ̀ wa, kí ìyàwó tó kúrò nílé bàbá ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sun ẹkún ìyàwó. Orin ni, ẹkún sì ni. Á kí ìyá tó bí i, á kí bàbá, á ní kí wọ́n súre fóun, á ní ẹ̀rù ń ba òun. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi ló ti ń retí ẹkún yẹn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn tó ń kó ẹrù mi sọ́kọ̀ wá fa aṣọ orí dùrù ya.

"Kí nìyí?"

"Dùrù ni, ìyá mi."

"Máṣíìnì mi dà?"

"Òun náà nìyẹn. Òun ló di dùrù."

"Ó di... Ṣé ohun tó o máa fi ránṣọ nìyẹn?"

"Ohun tí n ó máa fi kọrin ni. Olórin ni mí."

"Ìwọ? Olórin? Aránṣọ tó ń pariwo ni ẹ́!"

Inú bí mi. Tínú bá ti bí mi, mi kì í rí iwájú, mi kì í rí ẹ̀yìn. Mo ní tó bá jẹ́ pé ariwo ni, wọn ò ní gbọ́ ọ lónìí. Mo gun ọkọ̀, mi ò sun ẹkún kankan. Àwọn obìnrin ń bẹ̀ mí. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo tẹ̀ lé ọkọ̀: "Adìyẹ gan-an, tí wọ́n bá ń gbé e lọ, ó máa ń ké!"

Èèyàn kì í padà lọ sun ẹkún ìyàwó. Tọ́jọ́ ẹ̀ bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí ìyá mi lẹ́yìn náà, á gbé oúnjẹ fún mi, á béèrè àlàáfíà ọkọ mi, á wá ní, "Aránṣọ aláriwo, o ò jẹ ẹ̀dọ̀ mọ́?" Kò pè mí ní olórin rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tó ní, "Tí mo bá gbọ́ ẹkún yẹn láti inú ẹ̀rọ, bí tàwọn olórin gidi, mo máa gbà." Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Èmi ò gbà á ní yẹ̀yẹ́.

Komu ni ọkọ mi ti wá. Àgbẹ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́, kò sí ohun tí wàá sọ tí ò ní ní "ó dáa náà." Mo ní mo fẹ́ máa gbé dùrù lọ káàkiri ọjà, ó ní ó dáa náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni mò ń tọ̀: wọ́n á gbé dùrù sórí lọ́rì, sáàárín àpò gbágùúdá, èmi á jókòó tì í, ó di Ìsẹ́yìn, ó di Ìgànná, ó di Ṣakí. Orin ìbànújẹ́ ni mò ń kọ: ọkọ tó lọ Gánà tó gbàgbé ọ̀nà ilé, ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́ lọ́jọ́ tí àlejò dé, obìnrin tó ń gbààwẹ̀ tí orogún ẹ̀ ń dín dòdò lójú ẹ̀. Àwọn èèyàn á máa sunkún, wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ èyí tí wọ́n ń ṣe.

Lọ́jọ́ kan nítòsí Ṣakí, àwọn aṣọ́bodè kan na igi sójú ọ̀nà, wọ́n ń wá ẹrù fàyàwọ́.

"Kí ló wà nínú àpótí yìí?"

"Orin ni."

"Ṣí i."

Mo ṣí i.

"Orin ọ̀hún dà?"

Mo ní bí wọn ò bá gbé e sọ̀kalẹ̀, báwo ni orin ṣe máa jáde? Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wọn jókòó sórí táyà. Ó ní ṣé mo ní ti obìnrin tó kó ẹrù ẹ̀ jáde nílé ọkọ láìsọ fẹ́nì kan. Mo ní mo ní in. Ó ní kí n kọ ọ́. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó ní kí n tún un kọ, ó ń fi fìlà nu ojú. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ń kọjá lọ ní tiwọn, kò sẹ́ni tó wo ẹrù wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ bi mí, inú ta ló dùn jù.

Ọjà Ìsẹ́yìn ni ọkùnrin Ìbàdàn kan ti gbọ́ mi. Ó ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sínú téèpù, ibẹ̀ ló ti ń di àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ní kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Mo ní dùrù mi ò lè dé Ìbàdàn láyé, Ṣakí lásán tó lọ, eyín mẹ́ta ló tún dákẹ́. Ó ní kò burú, òun á wá sí Komu. Ó wá lẹ́ẹ̀kínní, òjò rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ìró òjò lórí páànù ló gbà lọ. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, bátìrì ẹ̀rọ ẹ̀ kú. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ò bá bọ́ sí i, ká dágbére fúnra wa. Ó ní kí n wá iná.

Iná ìjọba ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, ti bàbá ọkọ mi ni. Owó tábà ló fi rà á. Kò fi ṣe nǹkan kan ju pé kó tan gílóòbù kan nínú pálọ̀, kó sì jókòó sábẹ́ ẹ̀ kó máa wò ó.

Ọkùnrin Ìbàdàn dé, ó to ẹ̀rọ ẹ̀ sí gbàgede, ó gbé máìkì sórí igi. Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Bàbá ọkọ mi gbé àga ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó fi ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó mú àgbò dání.

"Ìyàwó, orin wo lo fẹ́ kọ?"

"Ẹkún ìyàwó ni, bàbá. Èyí tí mi ò sun fún ìyá mi."

"Ó dáa. Ibo ni orúkọ mi máa wà nínú ẹ̀?"

"Bàbá, ará ilé bàbá ẹni là ń kí nínú ẹkún ìyàwó. Ará ilé ọkọ kì í sí níbẹ̀."

"Jẹnẹrétọ̀ ta nìyí?"

"Tiyín ni, bàbá."

"Jẹnẹrétọ̀ ilé bàbá ẹ dà?"

"Kò sí, bàbá."

"Ó tán. Tí orúkọ mi ò bá sí níbẹ̀, iná mi náà ò ní sí níbẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, àti orúkọ bàbá mi, ketekete. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ṣakí tó ń sọ fáwọn èèyàn pé mo ti kú."

Ẹ̀yin náà mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo wọlé, ọkọ mi ni, àfi kí n wá orúkọ mìíràn fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà tí mò ń pè ní Akọ̀wé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú. Ìyẹn ọmọ ilé lásán o. Ká wá sọ pé bàbá ọkọ gan-an! Àwọn ìyàwó àtijọ́ ti fún bàbá ní orúkọ tiwọn, Eyínfúnjowó ni gbogbo wa ń pè é.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ká wá pè yín ní Eyínfúnjowó nínú ẹ̀?"

Ó la ẹnu fún mi. Eyín mẹ́ta ló kù níbẹ̀. "Ta ló máa gbà pé èmi ni?"

Ìyálé mi, ìyàwó Akọ̀wé, wá fẹ́ gbà mí sílẹ̀. "Bàbá, àbí ká máa pè yín ní Bàbá Oníjẹnẹrétọ̀?"

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

Ọkùnrin Ìbàdàn ní kò le rárá, òun kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òun á pè é. Ó béèrè orúkọ lẹ́nu bàbá fúnra ẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó dúró níwájú máìkì, ó kà á. Ọ̀rọ̀ wá dà bíi ti akọ̀wé kóòtù.

Bàbá ní, "Kí ni mo ṣe? Ta ló pè mí lẹ́jọ́?"

Wọ́n ní kí ọkọ mi wá pè é. Ó ní ó dáa náà. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń pe bàbá ẹ̀ ní oríkì lóríṣiríṣi, orúkọ wà láàárín ẹ̀, gbogbo ẹ̀ dáa gan-an. Ṣùgbọ́n máìkì wà lókè, ọkọ mi wà nílẹ̀. Ọkùnrin Ìbàdàn tún téèpù gbọ́, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló gbọ́.

"Ẹ dìde dúró kẹ́ ẹ pè é."

"Kí n dúró lórí ẹsẹ̀ mi, kí n máa pe bàbá mi lórúkọ? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ kó sọ ohun tó yàtọ̀ sí ó dáa náà. Wọ́n wá gbé máìkì wálẹ̀ bá a, wọ́n fi bíríkì tì í. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Kó tó la ẹnu, àkùkọ ìyálé mi rìn wá, ó wo máìkì lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, ó na ọrùn, ó kọ.

"Òun ló ṣe é dáadáa jù nínú yín," bàbá ní.

Oòrùn ti ń yí. Ọkùnrin Ìbàdàn wo òkè, ó wo ọkọ̀ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Ó ní, "Màdáámù, ẹ má bínú. Mo gbìyànjú." Bàbá náà sì nawọ́ sí jẹnẹrétọ̀ pé kóun pa á, kí epo má ṣòfò.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Irọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ni mo rí, lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pariwo adìyẹ tẹ̀ lé mi. Mo ní tí iná yìí bá kú, títí ayé ni mo máa jẹ́ aránṣọ aláriwo. Mo la ẹnu, mo pe orúkọ bàbá ọkọ mi. Mo pè é gbangba, mo fi orúkọ bàbá ẹ̀ tì í, mo ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ pa iná yẹn! Ẹkún ìyá mi ni mo fẹ́ sun! Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀!"

Orúkọ ọ̀hún, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìyàwó ilé ṣì ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó lọ ra àwo.

Ìyálé mi ti wà lórí eékún, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọkọ mi ò tíì dìde nílẹ̀, ó kúkú wá fi ojú bọ erùpẹ̀. Bàbá yí sí ọkùnrin Ìbàdàn.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé, baba. Mi ò tíì pa ẹ̀rọ."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó yí téèpù padà. Ohùn mi jáde, ó ń pariwo mọ́ bàbá arúgbó. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Bàbá di ojú, ó ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Bàbá ní, "Bí ìyá mi ṣe máa ń pè mí nìyẹn tí mo bá da omi nù. Gbogbo ẹni tó lè pè mí bẹ́ẹ̀ ló ti kú tán." Ó ṣíjú, ó wò mí. "Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀.

"O jẹ̀bi."

"Mo jẹ̀bi, bàbá."

"Ọjọ́ méje lo máa fi gbá gbogbo agboolé. Dìde, lọ kọ ohun tó o fẹ́ kọ, epo ti ń tán. Ìwọ, ará Ìbàdàn, tó o bá pa èyí tó ti wọlé yẹn rẹ́, jẹnẹrétọ̀ mi á gbẹ̀san."

Mo jókòó, mo tẹ ẹsẹ̀. Mo sun ún.

*Ìyá mi ayangàrí, mo ń lọ o.*
*Èéfín tó wọ̀ yín lójú lẹ fi ra máṣíìnì,*
*mo ta ẹsẹ̀ máṣíìnì, mo fi ra ohùn.*
*Ẹ má wulẹ̀ wo ọwọ́ mi, òfìfo ni,*
*ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ibẹ̀ lẹrù mi wà.*

Ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo tán bí mo ṣe parí ẹ̀, kò ku ìṣẹ́jú kan.

Àwo dé lẹ́yìn tí a ti kórè iṣu. Ọkùnrin Ìbàdàn yẹn, kí Ọlọ́run bá mi bi í, ó fi igbe mi ṣáájú orin! Ó ní igbe yẹn ló máa dá èèyàn dúró. Ó kúkú dá wọn dúró. Ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, àwọn awakọ̀ ń fi orúkọ bàbá ọkọ mi pe èrò. Tí mo bá jókòó ti dùrù lọ́jà, wọ́n á ní, "Ṣe ti bàbá! Ṣe ti bàbá!" Mo ti sọ bàtà lu ẹni méjì. Ọ̀rẹ́ bàbá tó wà ní Ṣakí náà gbọ́ ọ, ó ní kò sẹ́ni tó ń bínú sí òkú báyẹn, ó dájú pé ó ṣì wà.

Mo gbé àwo lọ fún ìyá mi. Tíṣà kan ládùúgbò wọn ní giramafóònù. Ìyá mi wẹ̀, ó wọ aṣọ Iléyá, ó kó àwọn tí wọ́n jọ ń yan gàrí jọ, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ariwo aránṣọ. Tíṣà gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. Igbe mi jáde.

Ìyá mi fò dìde, ó gbá abẹ́rẹ́ kúrò.

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá ọkọ mi ni."

"Ìwọ lo ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó lọ síwájú ná, orin ń bọ̀."

"Orin wo? O ti pa mí! Ẹ bá mi wá ọkọ̀!"

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó di gàrí sápò, ó gbé e sórí, ó gun ọkọ̀ Komu, èmi ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwo lábíyá. Bó ṣe wọ agboolé wa báyìí, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá ọkọ mi.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló ṣe?"

"Ó pè yín lórúkọ, bàbá."

"Ẹ ti gbọ́ ọ? Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa?" Inú bàbá dùn, kò jẹ́ kó dáhùn. Ó ní kí Akọ̀wé tan jẹnẹrétọ̀, ó gbé giramafóònù tirẹ̀ jáde, ìyẹn tó rà nítorí àwo yẹn nìkan. Ó fi igbe yẹn sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tó bá dún, ìyá mi á tún tẹ orí balẹ̀ sí i, á ní "ẹ foríjì wá." Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnì kan kí bàbá láti ìta, ó dìde lọ dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Àwo ń yí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe gbọ́ ọ, lórí eékún, níwájú àga tí kò sẹ́ni lórí ẹ̀. Kò gbé orí sókè. Mo dúró lẹ́nu ìloro, mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀. Orin tán, abẹ́rẹ́ ń ha àwo, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyálé mi fà á lápá, ó ní, "Ìyá, ẹ dìde." Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Kì í ṣe ti bàbá o. Èyí tó tẹ̀ lé e."

Wọ́n tún un sọ. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì ẹ̀, ó fi ìdí gèlè nu ojú. Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Pákó ẹsẹ̀ ohun tó ò ń tẹ̀ yẹn ń han. Kí ló dé tó ò fi epo sí i?"

"Màá fi sí i."

"O kí mi. O kí bàbá ẹ. Ìyá mi tó tọ́ ẹ dàgbà, níbo lo ti kí i?"

"Ìyá mi, àyè ni ò tó. Àwo kì í gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àyè ò tó! Bàbá yìí rí àyè, ó gba iwájú gbogbo wa. Ìyá tó bí mi ò rí! Olórin kí nìyẹn? Olórin burúkú! Olórin tí ò lè kí ìyá ìyá ẹ̀!"

Mo ti la ẹnu láti fèsì. Ọ̀rọ̀ gbígbóná ti wà lórí ahọ́n mi, ẹ̀yin ẹ mọ̀ mí. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tó pè mí. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ìyá mi, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ, ó sì fi èpè kékeré kan tì í. Bàbá ọkọ mi ti wọlé padà, ó ń gbọ́. Ó ní kí wọ́n yáa ránṣẹ́ sí ará Ìbàdàn, obìnrin yìí ní ohùn.